Dókítà àti Apòògùn



Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: bẹ́ẹ̀ ni dókítà àti apòògùn rí sí ara wọn. Dókítà a máa wá ìdí àrùn. Apòògùn a máa wò bí oògùn kan ti lè ba iṣẹ́ èkejì jẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀ tí ó sún mọ́ wa ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1962, ti ń kọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá àgbà kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe àpẹẹrẹ. Ó gba oògùn ní ilé ìwòsàn, ó padà sí ilé. Orúnkún ń dùn ún, ó sì ń ra ibuprofen lò lójoojúmọ́. Oògùn ìrora yìí lè mú kí ẹ̀jẹ̀ túbọ̀ ru, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Dókítà tí kò gbọ́ yóò rò pé oògùn tòun ni kò tó, yóò sì fi kún un. Ṣùgbọ́n bí apòògùn bá béèrè, tí ó sì ránṣẹ́ sí dókítà, a ó tètè yẹra fún ewu.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ fi gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, han àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi í pamọ́, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.