Òróró àti Ilé Èrò

Ẹ̀yin ará wa nínú Kristi, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wá sí Port Harcourt:

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú Sosoliso tí ó ń bọ̀ láti Abuja já ní pápákọ̀ òfuurufú ìlú yìí. Ènìyàn 108 ni ó kú. 60 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé Loyola Jesuit College. Irú ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í bá pósí wọlẹ̀. Bákan náà ni ti ẹni tí ajínigbé gbé, tàbí tí adigunjalè ká mọ́lé. Ó ń ta gìrì lóru, ayé sú u. Àwa oníwàásù jẹ̀bi: a ti sọ fún irú wọn pé kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n nígbàgbọ́. Ọgbẹ́ ni wọ́n gbà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ọ̀nà méjì ni ìtọ́jú rẹ̀. Èkíní ni ọ̀rọ̀ sísọ, òun ni àwọn onímọ̀ sì sábà máa ń kọ́kọ́ yàn. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà yóò mú aláìsàn padà sínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní nǹkan bí ìgbà 8 sí 16, títí ìrántí náà kò fi ní dẹ́rù bà á bíi ti tẹ́lẹ̀. Èkejì ni oògùn ìsoríkọ́, irú sertraline. Kì í pa ìrántí rẹ́. Ó ń mú kí ìrẹ̀wẹ̀sì fúyẹ́, kí ẹni náà lè lágbára láti sọ̀rọ̀. Ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. A kì í sì í dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò méjèèjì. Ṣùgbọ́n níbi tí ìsoríkọ́ bá ti bá ọgbẹ́ wọlé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè.

Ará Samáríà inú Lúùkù 10 da òróró sí ọgbẹ́, ó sì tún gbé ọkùnrin náà lọ sí ilé èrò. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àdúrà kò dí méjèèjì.

Dókítà ọpọlọ wà ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Port Harcourt. Níbi tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n ti jìnnà, ará ìjọ ni ẹbí: ẹ sin ẹnìkejì yín débẹ̀.

Kí Olúwa wo ọkàn tí ó gbọgbẹ́ sàn. Àmín.