Kí Ló Wà Nínú Podcast Géèmù?

Ẹ wọ dánfó ní Okokomaiko, kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá yín dúró ní Ìyànà-Ìbà, ẹ ó rí ọ̀dọ́ tó ki íápíìsì bọ etí, tó ń dá rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ podcast géèmù, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ géèmù, ló ń gbọ́.

Kí ló dé tí èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ eré tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀? Owó àti iná ni. Òótọ́ ni pé PlayStation kún ọjà Alábà níbí ní Òjó, ṣùgbọ́n mélòó nínú ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ló lè rà á? Bí NEPA bá sì múná lọ, géèmù parí nìyẹn. Fóònù ṣì ń sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀.

Àríyànjiyàn ló wá dùn jù. Lọ́dún 2023, EA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, pa orúkọ FIFA tì, ó sọ géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀ di EA Sports FC. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìdí ẹ̀ nínú podcast yóò rí nǹkan wí ní ilé géèmù. Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ eré kì í sì í ṣe tuntun sí wa: láti 2002 ni rédíò Brila FM ti ń fi ọ̀rọ̀ eré ìdárayá nìkan dá wa lẹ́kọ̀ọ́, kò sì sú wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má kàn bínú sí íápíìsì yẹn. Ẹ ní kí ọmọ fún yín ní ẹyọ kan, kí ẹ jọ gbọ́ ọ.