Fóònù Tó Ń Ká Sí Méjì: Kí Ni Ká Yẹ̀ Wò Ká Tó Fi Owó Òwò Rà Á?

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ tí ẹ rán níṣẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.)

  

Ẹ rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn kan nínú wa ní kí ẹgbẹ́ yá àwọn lówó nínú owó àjẹṣẹ́kù, kí àwọn fi ra fóònù ìgbàlódé tó ń ká sí méjì, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní fílíìpù. Àwọn mìíràn ní rárá o, owó òwò kì í ṣe owó fàájì. Ni Ìyálọ́jà bá ní kí àwa mẹ́rin lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Àbọ̀ la wá jẹ́ yìí.

A ò wá bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó fẹ́ ra àǹkárá, á fọwọ́ pa á, á nà án sójú oòrùn, á wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó lanu sọ iye. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sí fóònù yìí. A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń tún un ṣe, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta léèsì sì yọ̀ǹda tirẹ̀ fún wa kí a fi ọwọ́ ara wa lò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Fóònù tó ń ká kì í ṣe tuntun. Kí GSM tó wọ Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni Motorola ti ṣe StarTAC, ní 1996. Nígbà tó di 2004, wọ́n mú Razr V3 jáde, pẹlẹbẹ, tó ń dán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ṣe fáàrí nígbà yẹn, ẹ mọ ara yín! Ṣùgbọ́n tìgbà náà, apá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ojú lókè, bọ́tìnnì nísàlẹ̀, irin ló kàn so wọ́n pọ̀. Ti ìsinsìnyí, ojú kan ṣoṣo ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú náà gan-an ló sì ń ká. Motorola mú Razr irú èyí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020 ní $1,499. Samsung mú Galaxy Z Flip jáde ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà ní $1,380. Tecno náà gbé Phantom V Flip tiwọn dé ní 2023, iye tiwọn kò sì tó ti Samsung.

Ibi tó dára la ó kọ́kọ́ sọ, torí a ò fẹ́ fi kóńgò tí wọ́n ti tẹ̀ nídìí wọn ọjà ọlọ́jà.

Àkọ́kọ́, ó ṣe é gbé. Tí a bá ká a, kò ju àpamọ́wọ́ kékeré lọ. Èkejì, ó ní ojú kékeré kan lẹ́yìn tó ń fi ẹni tó ń pè wá hàn, àti alẹ́ẹ̀tì tó wọlé, láì ṣí fóònù rárá. Ti Flip àkọ́kọ́ ní 2020 kò ju íǹṣì 1.1 lọ; ti Flip7 tó jáde ní 2025 ti di íǹṣì 4.1. Ẹni tó ń fọwọ́ kan wọn gàrí, tó sì ń fi ojú wá alẹ́ẹ̀tì, á mọ̀ pé ìyẹn dára. Ẹ̀kẹta, tí a bá ṣí i dé ìdajì, ó lè dá dúró lórí àtẹ. Ẹni tó ń ta aṣọ lè fi ọwọ́ méjèèjì na léèsì rẹ̀ kí oníbàárà tó wà ní òkè òkun máa rí i lórí WhatsApp. A dán ìyẹn wò, ó sì wù wá. Ẹ̀kẹrin, Samsung ṣèlérí pé ọdún 7 ni àwọn yóò fi máa tún inú Flip6 àti Flip7 ṣe kí àwọn oníjìbìtì má baà rí ọ̀nà wọ̀ ọ́. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí áàpù báǹkì wà lórí fóònù rẹ̀.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé ọjà tó dára lè má bá ìṣọ̀ wa mu? Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Eruku ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Lára páálí fóònù, ẹ ó rí lẹ́tà IP àti nọ́ńbà méjì. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe lè dènà eruku, èkejì ń sọ ti omi. Ti Flip3 ní 2021 títí dé Flip5 ní 2023, IPX8 ni. X yẹn túmọ̀ sí pé wọn ò fún un ní ìwọ̀n kankan fún eruku. Ti Flip6 àti Flip7 jẹ́ IP48. 4 yẹn túmọ̀ sí pé ohun tó bá tóbi ju mìlímítà 1 lọ kò lè wọlé. Ó dáa, ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀lùbọ́, ẹ̀yin aláta gígún, ẹ̀yin oníyẹ̀fun: ṣé ohun tí ẹ ń tà tóbi tó mìlímítà 1? Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkèé fóònù, ibi tó ti ń ká, ni yóò sì máa wá wọ̀. Ní ti omi, 8 yẹn dára, ṣùgbọ́n omi mímọ́ gaara ni wọ́n fi dán an wò, ní mítà 1.5, fún ìṣẹ́jú 30. Omi iyọ̀, omi ọṣẹ àti omi ẹja kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, ẹ gbọ́ o.

Ojú inú rẹ̀ náà ẹlẹgẹ́ ni. Gíláàsì tí wọ́n fi ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, ìdí nìyẹn tó fi lè ká. Wọ́n wá fi ọ̀rá bò ó lórí. Ọ̀rá yẹn kì í ṣe irú èyí tí à ń bó kúrò lára ohun tuntun. Ẹni tó bá bó o ti ba fóònù jẹ́ nìyẹn. Ní 2019, nígbà tí Samsung fẹ́ gbé Galaxy Fold wọn àkọ́kọ́ jáde, ojú rẹ̀ bàjẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀ nínú àwọn oníròyìn tí wọ́n fún láti dán an wò, àwọn kan sì ti bó ọ̀rá náà. Samsung ní láti dá títà rẹ̀ dúró láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án. Èékánná àlẹ̀mọ́ pàápàá lè fa ìlà sí i lójú. Tí a bá sì pa á dé mọ́ ẹyọ owó, kọ́kọ́rọ́ tàbí káàdì, ó lè fọ́ láti inú. A mọ̀ pé àwa obìnrin ọjà máa ń ki owó sábẹ́ fóònù. Ti èyí kò gba bẹ́ẹ̀ o.

Mágúnẹ́ẹ̀tì tún wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó pa dé. Samsung fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a má jẹ́ kó sún mọ́ káàdì báǹkì, àti pé ẹni tí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ sí láyà láti ran ọkàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jìnnà sí òun. Àwa tí a máa ń ki fóònù bọ àyà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn.

Kíká rẹ̀ náà ní iye. Samsung sọ pé àwọn dán Flip3 wò dé ìgbà 200,000 tí wọ́n ká a tí wọ́n ṣí i. Nọ́ńbà yẹn pọ̀ létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò bí ará ọjà. Ẹni tó ń ṣí fóònù ní ìgbà 150 lójúmọ́, láti gba ìpè, láti wo alẹ́ẹ̀tì, láti ka mẹ́sééjì, á dé 200,000 ní nǹkan bí ọjọ́ 1,333. Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Èyí kò ní kó kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó ń ká, ó ń gbó níbi tó ti ń ká, bí aṣọ tí à ń ṣẹ́ ní ojú kan náà lójoojúmọ́.

Bátìrì ńkọ́? Ti Flip5 jẹ́ 3,700 mAh, ti Flip6 jẹ́ 4,000, ti Flip7 jẹ́ 4,300. Ọ̀pọ̀ fóònù pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú ló ní 5,000. Ẹ fi wé kẹ́ẹ̀gì onílítà 4 àti onílítà 5: èyí tó kéré ló wọ́n jù yìí o! Ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa.

Síìmù náà wà níbẹ̀. Ojú síìmù kan ṣoṣo ni Galaxy Z Flip ní. Ìkejì jẹ́ eSIM, ìyẹn síìmù tí kò ṣe é fọwọ́ mú, tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbé wọ inú fóònù. Kò sì sí ibi tí a ó ti ki mẹ́mórì káàdì bọ̀ ọ́. Phantom V Flip ti Tecno gba síìmù méjì. Ẹ béèrè ìyẹn kí ẹ tó sanwó.

Ó wá ku owó. $1,099 ni Flip7 nígbà tó jáde. Ká ní dọ́là kan jẹ́ ₦1,500, ó di ₦1,648,500. Ẹni tó ń jèrè ₦5,000 lójúmọ́ lẹ́yìn ìnáwó ọjà, á fi èrè ọjọ́ 330 rà á, láì jẹun, láì sanwó ilé ìwé, láì dá àjọ. Tí ojú inú bá sì bàjẹ́, gbogbo ojú náà ni wọ́n ń pààrọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ gbogbo atúnfóònùṣe. Ẹ béèrè iye àtúnṣe kí ẹ tó béèrè iye fóònù.

Ẹ tún gbọ́ èyí: kóòdù báǹkì bíi *901# àti *737# ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí èyí tó ń ká. Owó kì í tètè wọlé ju ti ẹlòmíràn lọ torí pé fóònù wa dán.

Àwọn kan yóò ní, "Ṣé tòkunbọ̀ rẹ̀ kò rọ̀jú ni?" Ó rọ̀jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kí ojú yín ti là jù. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé nígbà mẹ́wàá. Tó bá ń dún gìrìgìrì tàbí tí kò ṣí tán, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé ohun funfun sójú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kóńkó dúdú tàbí ìlà wà níbi tó ti ń ká. Ẹ wò ó bóyá ọ̀rá orí rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ tẹ *#06#, kí nọ́ńbà tó bá jáde bá ti ara páálí mu. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yọ orúkọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò lójú yín. Ẹ gba ìwé owó. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé owó, kí ni yóò fi ṣe ẹ̀rí?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé rèé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ má fi owó àjẹṣẹ́kù yá ẹnikẹ́ni láti ra fóònù yìí. Owó yẹn la fi ń gba ara wa sílẹ̀ nígbà tí ọjà bá kú tàbí tí iná bá jó ìṣọ̀. Ẹni tó bá nílò fóònù fún òwò, kí ẹgbẹ́ yá a lówó fóònù pẹlẹbẹ tó ní síìmù méjì àti bátìrì tó tóbi. Ẹni tó ń ta aṣọ lórí fídíò, kó ra igi tí wọ́n ń gbé fóònù lé, owó kékeré ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Ẹni tó bá sì wù ú láti ra fílíìpù, tó jẹ́ pé inú èrè rẹ̀ ló ti yọ ọ́, tí ọjà kún ìṣọ̀, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, kó rà á, kó lò ó, kó yọ̀. Obìnrin tó ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó dára. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí àpò ìrẹsì mẹ́wàá kúrò nínú ìṣọ̀, kó di ohun tí a ń fi han ara wa níbi ìnáwó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa, àbọ̀ wa nìyẹn. Ó kù sọ́wọ́ yín láti dìbò sí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọjà á tà, a ò ní tà á ní àdánù. Ojú owó wa kò ní pòórá. Àṣẹ.