Eré àti Èrè: Ohùn Gìtá àti Eré Olówó ní Ilẹ̀ Yewa

  

Nígbà tí mo sọ àkọlé ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ó béèrè ohun tí ó da ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ gìtá àti eré orí fóònù. Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì péré ni mo fẹ́ tú, eré àti èrè. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti so méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí àwa àgbà kò fojú sí, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi tàbí kí a dá wọn láre bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

I. Lẹ́tà mẹ́ta, ohùn mẹ́rin

Ẹ kọ e, r, e sílẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Bí ohùn rẹ̀ bá jẹ́ re mí, eré ni: eré ọmọdé, eré ìdárayá, eré tí onílù àti olórin ń ṣe lójú agbo. Bí ó bá jẹ́ dò dò, èrè ni, ohun tí ọjà mú wá lé orí owó tí a fi rà á. Bí ó bá jẹ́ dò re, ère ni, igi tí a gbẹ́ ojú sí tí kò sì ríran. Bí ó bá jẹ́ re dò, erè ni, ejò ńlá tí ń gbé ẹran mì lódidi.

Ohùn nìkan ni ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ahọ́n, ìdí náà sì nìyí tí gìtá fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá kò lè pe e, kò lè pe r, ṣùgbọ́n ó lè lọ sókè, ó lè lọ sílẹ̀, ó lè dúró láàárín. Ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò fi ọ̀rọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bí ó ti rí pẹ̀lú ìlù, ohùn kan lè gba ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà ni onílù ṣe máa ń lo òwe, oríkì àti gbólóhùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí olùgbọ́ má baà ṣìnà.

II. Gìtá ní ilẹ̀ wa

Gìtá kì í ṣe àlejò òní. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni orin jùjú gbilẹ̀ ní Èkó láti ọwọ́ Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so gìtá mọ́ ẹ̀rọ amóhùngbòòrò, ní àkókò kan náà tí gángan ń wọ inú jùjú. Láti ìgbà náà ni gìtá ti lè dá ìlù lóhùn láìjẹ́ pé ariwo agbo bò ó mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Yewa ní ìpín tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ìdógò, níbi tí ẹ̀ka ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Ìlaròó kọjá parí sí, ni wọ́n bí Ebenezer Obey sí ní 1942. Ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Fatai Rolling Dollar ní Èkó, ó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í gbọ́ àwo rẹ̀ nílé wa. Bàbá mi kì í kọ orin tẹ̀lé e. Gìtá ni ó máa ń fi ẹnu dá, a ó sì máa bi í léèrè pé, “Bàbá, kí ni ó sọ?” A máa sọ ọ́ fún wa.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lónìí kò jìnnà sí èyí. Ọ̀dọ́ kan á mú gìtá, á gbé fóònù sí iwájú, á fi okùn mẹ́fà ta orin tí ayé mọ̀ láìfi ohùn ẹnu kankan sí i, ìbáà jẹ́ jùjú àtijọ́, orin ìjọ tàbí orin ìwòyí. Àwọn tí ó gbọ́ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín níhìn-ín. T. K. Ekundayo Phillips, tí ó fi ọdún púpọ̀ tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ní Èkó, tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá. Wàhálà tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kojú ni pé a túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìjọ sí Yorùbá, a sì fi í lé ohùn orin òyìnbó, débi pé ohùn orin ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí gìtá bá dá irú orin bẹ́ẹ̀ ta, ohùn rẹ̀ kò lè tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, ìrántí nìkan ni yóò mú un wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ta orin tí Yorùbá fúnra rẹ̀ dá, ọ̀rọ̀ yóò jáde láti inú okùn. Èyí jẹ́ ìdánwò fún orin, ó sì jẹ́ ìdánwò fún etí wa.

III. Eré tí ń sanwó

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yà sí apá kejì. Ní 2018 ni ilé-iṣẹ́ Sky Mavis ní Vietnam gbé eré Axie Infinity jáde. Ẹranko kéékèèké aláràbarà ni wọ́n ń mú bá ara wọn jà lójú fóònù. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí àwọn eré ìṣáájú ni pé ẹranko kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun ìní ẹni tí ó rà á, a sì kọ ọ́ sínú blockchain, èyíinì ni ìwé ìṣirò kan tí ó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan kò lè dá pa rẹ́. Lásìkò òkìkí rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣẹ́gun á gba owó eré tí a ń pè ní SLP, ó sì lè tà á gba owó gidi. Ní 2021, nígbà tí àrùn kòrónà ti ba iṣẹ́ jẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Philippines ni ó ń fi eré yìí jẹun, òkìkí rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ọ̀dọ́ Yewa ní ìdí tiwọn. Ní oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ pa. Ìdírókò, ọ̀nà oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin 2022. Ní oṣù kejì 2021, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí báńkì má ṣe bá kírípítò da nǹkan pọ̀ mọ́, àṣẹ tí wọn kò ká kúrò títí di oṣù kejìlá 2023. Nítorí náà ni wọ́n fi ń tà á fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí ẹni ń pààrọ̀ sẹ́fà ní ẹnubodè. Iṣẹ́ tí ilẹ̀ ààlà ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí SLP wà fún. Wọ́n ń fi í mú ẹranko méjì bímọ ni. Ta ni ó ń fẹ́ kí ẹranko bímọ? Ẹni tí ó fẹ́ tà á fún ẹni tuntun tí ń wọlé. Bí ẹni tuntun bá pọ̀, SLP á wọ́n. Bí wọ́n bá dín kù, á di ọ̀pọ̀ yanturu tí kò sẹ́ni tí yóò rà á. Ní oṣù keje 2021, ẹyọ kan ju ọgbọ̀n sẹ́ńtì lọ. Ní àárín 2022, kò tó sẹ́ńtì kan. Ní oṣù kẹta 2022, olè ti jálẹ̀kùn ibi tí owó eré náà ń gbà kọjá, wọ́n sì kó ohun tí ó lé ní 600 mílíọ̀nù dọ́là. Àjọ FBI ti Amẹ́ríkà sọ pé àwọn olè tí ń ṣiṣẹ́ fún Kòríà Àríwá ni. Ní 2024, a tún rí Hamster Kombat, nínú èyí tí a kàn ń fi ìka tẹ ojú fóònù láìdákẹ́. Nígbà tí wọ́n pín owó rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti fi oṣù púpọ̀ tẹ̀ ẹ́ ni ó kígbe pé ohun tí ó kàn wọ́n kò tó nǹkan.

IV. Ìṣákọ́lẹ̀ tuntun

Ohun kan wà nínú Axie tí àgbà Yorùbá yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní àárín 2021, ẹranko mẹ́ta ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Ẹni tí kò ní owó a yá ẹranko lọ́wọ́ olówó, a máa ṣeré lójoojúmọ́, wọn a sì pín èrè. Wọ́n fún ẹni tí ń ṣeré ní orúkọ oyè, wọ́n pè é ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà. Àwa ní orúkọ tí ó tọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó dá oko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí ó sì ń fún onílẹ̀ ní ìpín nínú ìkórè, ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san.

Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ìwà burúkú. Ọ̀pọ̀ oko ni a ti fi dá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Bí ọjà gààrí bá kú, àgbẹ̀ á jẹ gààrí rẹ̀. Ta ni ó lè jẹ SLP? Bí àgbẹ̀ bá kúrò lórí ilẹ̀ náà, ọgbọ́n oko ń bá a lọ. Kí ni ó bá ẹni tí ó fi ìka tẹ ojú fóònù fún oṣù mẹ́fà lọ?

Èmi kò sọ pé kí èrè má wọ inú eré. Irọ́ ni yóò jẹ́ bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. A ń pe olórin ní eléré, a sì ń náwó fún un. Ní Ìmẹ̀kọ àti káàkiri ilẹ̀ Kétu, òru Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń fi àwàdà bá ìjòyè àti olè wí, àwọn ènìyàn sì ń ta eléfẹ̀ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n owó níbẹ̀ ń tẹ̀lé adùn. Ẹnì kan dúró, ó gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò. Nínú eré orí fóònù tí mo sọ yìí, kò sẹ́ni tí ń gbádùn ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Owó nìkan ni adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí owó lọ, eré náà kú, ó di ère.

V. Ẹ̀bi tèmi

Mo ní láti sọ ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi obìnrin kan bí ọmọkùnrin kan ní Ayétòrò. Ọmọ náà ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní Ìdírókò, ó sì ń ta gìtá ní ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù kejìlá 2019, mo lọ sílé fún ọdún. Ẹnubodè ti tì, ọjà ti dá. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gìtá, mo sì wí pé, “Eré lásán ni o ń ṣe yìí. Kí ni èrè rẹ̀?” Ó gbé gìtá náà wọlé.

Ní 2021 mo gbọ́ pé ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Mo pè é, mo sì yìn ín púpọ̀. N kò béèrè ibi tí owó náà ti wá. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni mo tó mọ̀ pé ó ti ta gìtá, ó fi ra fóònù tí ó dára, ó sì gba ẹranko mẹ́ta lọ́wọ́ olówó kan ní Èkó. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà kò lè ra okùn gìtá kan. Mo bínú, mo ní èé ṣe tí ó fi ta ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé eré lásán ni. Mo wá eré tí kì í ṣe lásán lọ ni.”

Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni pé ewì àti àlọ́ kì í ṣe eré lásán! Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láìronú ni ọmọ náà dà bora.

Ní 2023 a sin ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa. Olórin tí a bẹ̀ kò tètè dé. Ọmọ náà yá gìtá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin àtijọ́ kan láìlanu. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ìyá kan fi ọ̀rọ̀ sí i. Ìyá kejì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ó sì kọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì bá ohùn náà mu! Wọ́n jiyàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pe orúkọ ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà èwe wọn. Kò sí ìwé kankan ní yàrá ìkàwé wa tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà. Gìtá tí kò sọ nǹkan kan ni ó fà wọ́n jáde. Àwọn ènìyàn náwó fún un. Ẹ má fi mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, mo mọ̀ pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 lòdì sí fífọ́n náírà, inú àpò ìwé ni mo fi tèmi sí.

VI. Ìkádìí

Owó ọjọ́ kan kì í bọ́ ènìyàn lọ́dún. N kò ní purọ́ fún yín pé gìtá ti sọ ọmọ náà di olówó. Ó ti padà sí ìdí aṣọ ní Ìdírókò, gìtá tí ó ń ta kò tíì jẹ́ tirẹ̀. Bí eré mìíràn bá dé lọ́la tí ó ṣèlérí owó, ó lè tún tẹ̀lé e, n kò sì ní ẹnu tí mo lè fi bá a wí.

Nítorí náà, àwa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Mo rọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn àwọn atagìtá ilẹ̀ Yewa sílẹ̀, kí a jókòó ti àwọn àgbà kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i, kí a sì san owó iṣẹ́ fún atagìtá àti àgbà náà gẹ́gẹ́ bí a ti ń san án fún ẹni tí ń bá wa ṣe ìwádìí. Mo rọ ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó béèrè èrè lọ́wọ́ ọmọ, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ eré rẹ̀ parí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ó bá gbé eré olówó wá bá yín, ẹ bi í léèrè pé bí a bá yọ owó kúrò, kí ni yóò kù. Bí kò bá rí nǹkan kan fi hàn yín, ẹ tún pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ó lè jẹ́ erè.