Ra Ilẹ̀ Náà, Má Fòyà

Ẹsẹ Bíbélì: Jeremáyà 32:6-27

 

Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó lítà kan fò láti nǹkan bíi 190 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti dáwọ́ ètò ọ̀la dúró. Ẹni tó ń kọ́lé ti fi í sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ gbéyàwó ní kí ìlú rọ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ Jeremáyà. Ọdún kẹwàá ìjọba Sedekáyà ni. Ogun Bábílónì ti ká Jérúsálẹ́mù mọ́. Wòlíì fúnra rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé. Ìgbà yẹn ni Hánámẹ́lì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, wá bá a pé kí ó ra ilẹ̀ òun ní Ánátótì.

Ẹ̀yin ará, ta ló ń ra ilẹ̀ lójú ogun? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ ó ní wọ́n fẹ́ lù ú ní jìbìtì! Ṣùgbọ́n Olúwa ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé Hánámẹ́lì ń bọ̀. Jeremáyà wọn 17 ṣékélì fàdákà. Ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi èdìdì dì í. Ó ní kí Bárúkù kó ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀, kí ó lè pẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa. Ogun ṣì wà níta. Kódà, lẹ́yìn tó sanwó tán ló tó gbàdúrà, àdúrà náà sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń yà á lẹ́nu. Ọlọ́run kò lé e dànù. Ó dá a lóhùn. Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe pé kí àyà má já. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni kí o ṣe ohun tí Ọlọ́run sọ nígbà tí àyà rẹ ṣì ń já.

N kò ní tàn yín. Jérúsálẹ́mù ṣubú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sun tẹ́ḿpìlì. Wọ́n mú Jeremáyà lọ sí Íjíbítì. Bíbélì kò sọ pé ó gbin ohunkóhun sórí ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ẹ́sírà 2:23. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ti ìgbèkùn padà wálé, àwọn ọkùnrin Ánátótì jẹ́ 128. Halelúyà! Ọlọ́run kò gbàgbé ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ilẹ̀ náà.

Kí wá ni ilẹ̀ tìrẹ? N kò ní kí o lọ yáwó, tàbí kí o kó owó fún ẹni tó ní òun rí ìran. Jeremáyà kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí. Ìgbàgbọ́ kò ní ká má gba rìsíìtì! Ó lè jẹ́ àyẹ̀wò tó ò ń sá fún nílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó o ti pa tì. Ohun tí Olúwa ti sọ fún ọ kí ìbẹ̀rù tó dé, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí o kò bá sì tíì fi ayé rẹ fún Jésù, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Gbé ọwọ́ lé àyà rẹ, ká jọ gbàdúrà: Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Fún mi lágbára láti gbọ́ràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.