Ọjọ́ Kan Lórí Òkè Ìdànrè

Ọ̀rọ̀ òkè ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Síkáótù tí í máa gùn ún.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ àná. Ní oṣù August 1907 ni Robert Baden-Powell kó nǹkan bí 20 ọmọkùnrin lọ pàgọ́ ní erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di 1915, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ kò gùn: Múra sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ kan gun òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Kí ilẹ̀ mọ́ bá yín ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí àpáta kì í pẹ́ gbóná bí oòrùn bá ti mú. Kí olúkúlùkù gbé omi àti oúnjẹ díẹ̀ dání, kí ó sì wọ bàtà tí kì í yọ̀. Kí olórí ka iye yín kí ẹ tó gbéra. Àtẹ̀gùn tí ẹ óo gùn lé ní 600. Ẹ má sáré. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ni kí gbogbo yín bá rìn.

Lókè, ẹ óo rí ìlú àtijọ́ àti ààfin Ọwá, níbi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn. Ẹ wo àpáta náà dáadáa. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ó ti dì, láti ara ohun gbígbóná tí ó yọ́ bí òjé. Òjò àti ọ̀gbàrá ọdún àìmọye ni ó fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ tí ó fi yọrí síta. Ohun bí àbàwọ́n tí ẹ rí lára rẹ̀ ń bẹ láàyè. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má sì kọ orúkọ yín síbẹ̀.

Níbi tí erùpẹ̀ bá wà, ẹ gún igi tí ó tọ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi òkúta sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ dé. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, òjìji yóò ti yẹ̀. Ẹ fi òkúta kejì síbẹ̀. Òkúta kìíní ń fi ìwọ̀-oòrùn hàn, èkejì ń fi ìlà-oòrùn hàn. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní tètè ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ń bọ̀. Ó ku díẹ̀ kí ẹ dé ṣóńṣó, ni ojú ọ̀run bá ṣú, mànàmáná kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka iye ìṣẹ́jú-àáyá títí ààrá yóò fi sán. Ìró a máa rin nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí ẹ bá ka mẹ́ta, ààrá kò jìnnà ju kìlómítà kan lọ. Bí kíkà yín kò bá tó 30, ewu ti dé. Ẹ padà! Ẹ má sá sábẹ́ igi tí ó dá dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí àpáta tútù a máa yọ̀, kí ẹ wọ ilé tí ó dúró ṣinṣin. Ẹ má jáde títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn ààrá ìkẹyìn.

Ọmọ kan yóò wí pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀ ká dé òkè." Kí olórí dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, òkè kò lẹ́sẹ̀, kò níí lọ síbì kan. Ìwọ ni ìyá rẹ ń retí."

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá délé tí ó ní àwọn kò dé ṣóńṣó, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi padà. Bí ó bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ yìn ín, nítorí ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà ń wí.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsàlẹ̀, kí olórí tún iye yín kà. Bí iye tí ó gòkè bá pé, ọjọ́ náà dára. Ó dàbọ̀ o.