Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa nínú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Rahimy



Fòníkúfọ̀ladìde, tí wọ́n ń pè ní drépanocytose nílé ìwòsàn, ti mú kí wọ́n pe ọ̀pọ̀ ọmọ Nàgó ní àbíkú. Ní 2003, ìwé ìmọ̀ ìṣègùn Blood ti Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohamed Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, lórí ọmọ 236 tí wọ́n tọ́jú ní Kútọnu níhìn-ín. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá láti tètè mọ àmì ewu, wọ́n sì ń fi oògùn dènà ibà. Àìsàn líle dínkù, àwọn ọmọ náà sì ń dàgbà. Ọwọ́ àwọn ìyá ló ṣe ìdajì iṣẹ́ náà!

Ìwé wọn ti 2009 dá lórí yíyẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ lọ́dún yìí, ẹ bi agbẹ̀bí yín.